Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ́máàtì Kọ̀ǹpútà Yín

Èyí ni ọ̀rọ̀ inú ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí, tí a kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ.

Tó bá jẹ́ inú danfo lẹ wà báyìí, tí ẹ sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di fóònù yín mú dáadáa. A fẹ́ kí ẹ gbọ́ ètò yìí parí.

Lónìí, mi ò gbàlejò kankan. Èmi nìkan ni. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ilé ni mo fẹ́ sọ: kọ̀ǹpútà tí kò jẹ́ kí olówó rẹ̀ wọlé, tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi fóònù ṣe gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ ní bàbá, ẹ ní ìyá, ẹ ní ẹ̀gbọ́n tó ní kọ̀ǹpútà kan lórí tábìlì ní pálọ̀. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè. Èmi ni wọ́n pè lọ́jọ́sí.

Bàbá mi ń gbé ní Ire-Akari, ní Ìsọlọ̀. Tíṣà ni wọ́n. Ọdún 31 ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Láti ìgbà náà, àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì. Ènìyàn 43 ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Oṣooṣù ni wọ́n ń dá owó, àwọn kan ń yá owó, àwọn kan ń san án padà díẹ̀díẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan báyìí ni bàbá mi ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Aṣọ tí màmá mi fọwọ́ hun ló ń bo kọ̀ǹpútà náà títí dòní. Ọdún kẹta rèé tí màmá mi ti lọ.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni ìpè wọn wọlé. Ẹ mọ bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń ṣe. Wọn kì í sọ pé àwọn fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun, wọ́n wá ní, "Ṣé ọwọ́ ẹ dí lọ́la ni?" Mo ní, "Rárá o, sà. Ṣé kò sí o?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Kọ̀ǹpútà yìí ò gbà mí wọlé mọ́. Ẹnjiníà ní àfi ká fọ́máàtì ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ló ní kí n mú wá."

Mo ní, "Ẹ má tíì fún un o." Mo béèrè ìgbà tí wọ́n nílò kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n ní ọ̀túnla, Sátidé, ni ẹgbẹ́ fẹ́ pín èrè ọdún. Gbogbo àkọsílẹ̀ wà nínú ẹ̀. Wọ́n wá ka ohun tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ sórí WhatsApp fún mi: "Akọ̀wé, ṣé kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́ ni, àbí ìwé ni kò pé?"

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n dìde jókòó. Ọkùnrin tó fi ọdún 31 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ẹnì kan ń fi ọgbọ́n pè é ní olè. Tí ẹnjiníà bá sì fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yẹn, kò sí ẹ̀rí kankan tí bàbá mi máa fi dá a lóhùn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí fọ́máàtì jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀. Ó jẹ́ pé kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà kúrò, kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ bíi tuntun. Ó máa ń ṣiṣẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ ilé sọnù tí wọ́n ní kí á wó ilé. Ó yẹ kó jẹ́ ohun tí a máa ṣe kẹ́yìn, lẹ́yìn tí a bá ti kó ẹrù wa jáde.

Ìtìjú tèmi náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe lójoojúmọ́. Mo ń gé ohùn, mo ń to fídíò, àwọn èèyàn ń sanwó fún mi. Máfolúkù ni mò ń gbé. Láti Máfolúkù sí Ìsọlọ̀, ọkọ̀ méjì péré ni. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méje ni mi ò tíì dé ilé bàbá mi.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni mo lọ. Mo mú fláàṣì kan, skrúdíráífà kan, àti ìwé kékeré kan. Ìwé yẹn ló wúlò jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá. Mo jókòó, mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kí ló yí padà láti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ kẹ́yìn?"

Ẹ gbọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe "kí ló bàjẹ́?" Kí ló yí padà? Kọ̀ǹpútà kì í sábà ṣàdédé ya wèrè. Nǹkan kan ti máa ṣẹlẹ̀ sí i, tàbí sí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi sọ̀rọ̀, mo ń kọ ọ́. Àkọ́kọ́, wọ́n ra ráútà tuntun ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, nítorí ti àtijọ́ ti jóná. Láti ọjọ́ yẹn ni íntánẹ́ẹ̀tì kò ti lọ lórí kọ̀ǹpútà náà mọ́. Èkejì, ẹnjiníà wá, ó nu gbogbo ohun tí bráwúsà tọ́jú kúrò, kò ràn án, ó wá ní àfi fọ́máàtì. Bàbá mi ní rárá. Ẹ̀kẹta, transfọ́mà àdúgbò bàjẹ́, kò sí iná fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà tì. Ẹ̀kẹrin, ọjọ́ tí wọ́n tún un tàn ni pásíwọ́ọ̀dù kò gbà mọ́.

Mo ní, "Ṣé kò sí nǹkan mìíràn?" Wọ́n ní, "Kò sí. Àfi pé tí mo bá tàn án, ó máa ń kọ nǹkan funfun sórí dúdú, ó ní kí n tẹ F1. Mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́."

Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ F1 yẹn, ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti pásíwọ́ọ̀dù ni a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, torí ẹnu ọ̀nà ni. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lójú mi. Èmi ò wo ìka wọn, torí pásíwọ́ọ̀dù bàbá ẹni kì í ṣe ohun tí à ń wò. Ojú kọ̀ǹpútà ni mò ń wò. Mo ń gbọ́ ìró ìka wọn: ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n tẹ nǹkan. Ṣùgbọ́n àmì tóótòòtó tó jáde, mẹ́fà péré ni. Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Mẹ́fà náà ni.

Mo béèrè pé ṣé nọ́ńbà wà nínú pásíwọ́ọ̀dù náà. Wọ́n ní mẹ́rin wà ní ìparí. Ibo ni wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà? Wọ́n na ọwọ́ sí apá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù, ibi tí nọ́ńbà kó jọ sí bíi ti kakulétọ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè ti tẹ̀ ẹ́. Mo wo òkè ibẹ̀. Iná Num Lock ti kú.

Tí Num Lock bá kú, àwọn nọ́ńbà apá ọ̀tún yẹn kì í ṣe nọ́ńbà mọ́. Wọ́n á di ọfà tó ń lọ sókè sódò. Bàbá mi ń tẹ nọ́ńbà, kọ̀ǹpútà ò rí nǹkan kan. Mo tẹ Num Lock lẹ́ẹ̀kan, iná tàn, wọ́n tún un tẹ̀, ó wọlé.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà! Bọ́tìnì kan ṣoṣo!

Bàbá mi wò mí, wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Ṣé ohun tó ṣe é náà nìyí?" Mo ní, "Ó kù, sà."

Kí n tó ṣe ohun mìíràn, mo ki fláàṣì bọ̀ ọ́, mo sì da ìwé owó ẹgbẹ́ kọ sórí rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo fọ́tò tó wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí ẹ bá rí ọ̀nà wọ inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn, ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù jáde. Ẹ má sọ pé ó ti sàn. Ó lè má jẹ́ kí ẹ wọlé lẹ́ẹ̀kejì.

Tó bá jẹ́ pásíwọ́ọ̀dù tiyín ló ń kọ̀, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wo nǹkan mẹ́ta. Caps Lock, ṣé ó tàn? Num Lock, ṣé ó kú? Ẹ̀kẹta, tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ni, ṣé ètò kíbọ́ọ̀dù ti yí padà? Lórí ètò ti Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba, àmì @ àti àmì tí a fi ń ṣí ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń pààrọ̀ ibùgbé sí ti Amẹ́ríkà. Ẹni tí @ bá wà nínú pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ó máa rò pé òun ti gbàgbé rẹ̀ ni. Ẹ tẹ àwòrán ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ń kọ ọ́ sí, ẹ rí ohun tí ẹ ń kọ gan-an.

Ó kan íntánẹ́ẹ̀tì. Mo kọ́kọ́ fi fóònù mi so mọ́ ráútà tuntun náà. Ó lọ. Nítorí náà, dátà wà, ráútà dára, a mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ rí i bí ìyẹn ṣe dín iṣẹ́ kù? Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ méjì, tí ọ̀kan ń lọ tí èkejì ò lọ, ẹ fi ráútà sílẹ̀. Tí méjèèjì ò bá lọ, ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ẹ wo ráútà, ẹ wo dátà, ẹ wo wáyà.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ohunkóhun tó ṣe ilé yín. Ẹ rántí March 14, 2024? Ọjọ́ yẹn, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Báńkì dúró, íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Gánà àti ní Benin. Àwọn kan tún ráútà wọn tàn ní ìgbà ogún lọ́jọ́ yẹn. Tí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò yín kí ẹ tó tú ẹ̀rọ palẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìsọlọ̀. Mo ṣí fèrèsé dúdú tí wọ́n ń pè ní Command Prompt, mo kọ ipconfig, mo tẹ Enter. Ó sọ àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà náà ń lò fún mi: 192.168.1.20. Mo wo fóònù mi, tó wà lórí ráútà kan náà. Àdírẹ́sì tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.8. Mo ní, "Áà. Ojúlé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀."

Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó bá wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà. Ẹ rò ó bí ìgbà tí ẹ dé ọsibítù tí nọ́ọ̀sì fún yín ní nọ́ńbà kí ẹ lọ jókòó. Ráútà ni nọ́ọ̀sì yẹn. Ọ̀nà tó ń gbà pín nọ́ńbà ni wọ́n ń pè ní DHCP. Tí a bá fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bó ṣe wà, ó máa lọ gba nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà kan, ẹnì kan ti fọwọ́ kọ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà bàbá mi, nọ́ńbà tó bá ráútà àtijọ́ mu. Nígbà tí ráútà tuntun dé, kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ lọ gba nọ́ńbà. Nọ́ńbà ọsibítù ọjọ́sí ló dì mọ́wọ́, ó ń retí kí wọ́n pè é.

Mo wọ inú Settings, mo wọ Network, mo rí ibi tí wọ́n kọ IP sí, mo yí i kúrò ní Manual sí Automatic. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo tún kọ ipconfig: 192.168.8. Mo kọ ping 8.8.8.8, ó dáhùn. Mo kọ ping google.com, ó dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ṣe méjèèjì. 8.8.8.8 jẹ́ nọ́ńbà, google.com jẹ́ orúkọ. Kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ lọ síbì kankan. Ó gbọ́dọ̀ béèrè nọ́ńbà orúkọ náà lọ́wọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní DNS. Bí ẹni tó wá Máfolúkù tó mọ orúkọ Ìyá Bùkì ṣùgbọ́n tí kò mọ ojúlé rẹ̀, ó di dandan kó bi ọlọ́kadà. Tí nọ́ńbà bá dáhùn tí orúkọ ò dáhùn, ọ̀nà dára, ẹni tí ẹ ń bi léèrè ni kò dáhùn. Ẹ lè yí DNS yín sí 8.8.8.8 ti Google, tàbí 1.1.1.1 ti Cloudflare. Tí méjèèjì ò bá dáhùn, ọ̀nà gan-an ló dí. Tí ẹ bá sì rí àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ìyẹn túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà yín bẹ̀bẹ̀ fún nọ́ńbà, kò rí ẹni dá a lóhùn, ó wá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Ẹ wo wáyà, ẹ pa ráútà, ẹ tún un tàn.

Mo rò pé a ti parí. Mo ṣí bráwúsà, mo ní kí Dádì wọ ímeèlì wọn, torí akápò ti fi àkọsílẹ̀ báńkì oṣù méjì tó kẹ́yìn ránṣẹ́ síbẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní ibi tí à ń lọ kò ní ààbò. A gbìyànjú ojúlé mìíràn, ohun kan náà ló sọ.

Mo wá wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Kọ̀ǹpútà náà gbà pé January 1, 2013 ni a wà.

F1 nìyẹn! Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bátìrì kékeré kan wà tó dà bíi ti aago ọwọ́. CR2032 ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ àti àwọn ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Tí iná bá wà lára wáyà, kì í fi bẹ́ẹ̀ lo bátìrì yẹn. Ṣùgbọ́n ní ilé tí iná kò sí fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ti bàbá mi ti gbó, ó kú. Kọ̀ǹpútà wá gbàgbé ọjọ́, ó sì gbàgbé pé kí òun máa tan Num Lock. Ìdí nìyẹn tó fi ń ní kí wọ́n tẹ F1 ní gbogbo ìgbà. Ó ń sọ fún wọn pé òun ti gbàgbé nǹkan.

Kí ló kan ọjọ́ pẹ̀lú ímeèlì? Ojúlé kọ̀ọ̀kan tó ní ààbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwé ẹ̀rí kan, bíi lánsẹ́ẹ̀sì dírẹ́bà. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ wà lórí ẹ̀, ọjọ́ tó máa parí náà wà lórí ẹ̀. Bráwúsà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ̀ǹpútà tó rò pé ọdún 2013 ni a wà máa rí lánsẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, á ní, "Ayédèrú nìyí, ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé." Ó ń dáàbò bò yín ni. Nítorí náà, ẹ má wá ọ̀nà láti fi tipátipá kọjá níbẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ yín.

Mo jáde lọ bá ọkùnrin tó ń tún aago ṣe ní ojú ọ̀nà, mo ra bátìrì náà ní ₦700. A pa kọ̀ǹpútà, a yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá, mo fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí iná ara mi má ba nǹkan jẹ́, mo yọ ti àtijọ́, mo fi tuntun sí i. A tàn án. Mo fi ọjọ́ àti aago sí i. Num Lock tàn. F1 ò jáde mọ́. Ojúlé ímeèlì ṣí.

Ó wá ku ibi tó le jù. Nítorí pé ẹnjiníà ti nu bráwúsà mọ́, ímeèlì náà ò mọ kọ̀ǹpútà yẹn mọ́. Ó gba pásíwọ́ọ̀dù tán, ó ní òun máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù kan tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí méjì báyìí. Bàbá mi wo nọ́ńbà méjì yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀. Láìnì màmá mi ni.

Màmá mi ló ṣí ímeèlì yẹn fún wọn nígbà náà. Nọ́ńbà tirẹ̀ ló fi sí i, torí òun ló máa ń mú fóònù dání. Láti ìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó fi káàdì sínú láìnì náà. Lábẹ́ ìlànà NCC, láìnì tí kò bá pa owó kankan wọlé fún oṣù 6, wọ́n lè tì í pa. Bó bá tún di oṣù 6 mìíràn, nọ́ńbà náà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kóòdù yẹn lè máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a ò mọ̀ rí.

Ẹ máa béèrè pé kí ló dé tí wọn ò ka ímeèlì náà lórí fóònù wọn. Èmi náà béèrè. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo tilẹ̀ sọ fún wọn pé mo lè fi láptọ́ọ̀pù tèmi parí ìwé owó náà fún wọn láàárín wákàtí kan. Wọ́n ní, "Lẹ́yìn tí o bá lọ ńkọ́?" Mi ò rí èsì fún un.

Fóònù yẹn náà ló wá gbà wá. A tẹ ibi tó sọ pé ká gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Google fi ìbéèrè ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá mi pé ṣé àwọn ni. Wọ́n tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. A wọlé.

Mo wọ ibi ààbò, mo fi nọ́ńbà tiwọn síbẹ̀, mo fi tèmi ṣe èkejì, mo tẹ àwọn kóòdù mẹ́wàá tí Google máa ń fúnni fún ọjọ́ ìṣòro jáde sórí ìwé. Ó wá ku kí a yọ nọ́ńbà màmá mi kúrò. Mo fi ọwọ́ ìtọ́ka sórí ẹ̀, mo wo Dádì. Wọ́n ní, "Dúró ná." Wọ́n mú ìwé kékeré mi, wọ́n kọ nọ́ńbà náà sínú ẹ̀, gbogbo mọ́kànlá. Wọ́n ya ojú ewé yẹn, wọ́n ká a, wọ́n fi sínú àpò wọn. Wọ́n ní, "Ó yá, yọ ọ́." Mo yọ ọ́.

Ní Sátidé, ìwé owó náà jáde lórí ojú ewé mẹ́fà. Mo bá wọn lọ sípàdé. Bàbá mi dìde, wọ́n ka orúkọ kọ̀ọ̀kan, ohun tó dá, ohun tó yá, ohun tó kàn án. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp mú ìwé ìfowópamọ́ tirẹ̀ jáde, ó ń fi ìka tọ nọ́ńbà. Ó bá a mu. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ má bínú." Bàbá mi ní, "Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ó ṣìnà," wọ́n sì ka orúkọ tó tẹ̀ lé e.

Mi ò bú ẹnjiníà yẹn o. Fọ́máàtì ti ń bá a tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó sì ní àwọn oníbàárà mìíràn tó ń dúró. Ṣùgbọ́n kò jókòó láti béèrè ohun tó yí padà. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe kọ̀ǹpútà bàbá mi: nọ́ńbà tí wọ́n fọwọ́ kọ, àti bátìrì ₦700. Àwọn méjèèjì pàdé láàárín oṣù kan, wọ́n wá dà bí àìsàn ńlá kan ṣoṣo.

Kí n tó lọ, ẹ jẹ́ kí n tún un tò fún yín. Ẹ béèrè ohun tó yí padà, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo iná Caps Lock àti Num Lock. Tí ẹ bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù jáde sórí fláàṣì. Ẹ fi ẹ̀rọ kejì dán íntánẹ́ẹ̀tì wò. Ẹ wo àdírẹ́sì IP. Ẹ ping nọ́ńbà, kí ẹ tó ping orúkọ. Ẹ wo ọjọ́ àti aago. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Tí ẹ bá yí mẹ́ta padà pọ̀, tó bá sàn, ẹ ò ní mọ oògùn tó wò ó. Tó bá burú sí i, ẹ ò ní mọ èyí tó ba a jẹ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá fún ọ̀sẹ̀ yìí: ẹ wọ inú ímeèlì yín lálẹ́ òní, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níbi ààbò. Ṣé ẹ ṣì ń lo láìnì yẹn? Lẹ́yìn náà, ẹ pe bàbá yín, ẹ pe ìyá yín, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Tí ilé wọn bá sì wà ní ọkọ̀ méjì sí tiyín, ẹ má pè. Ẹ lọ.

Èmi ń lọ sí Ìsọlọ̀ lọ́la. Bàbá mi ní àwọn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ping ṣàyẹ̀wò, kí àwọn lè tún ti alága ẹgbẹ́ ṣe.